Ìtọ̀ dúdú lẹ́yìn ọ̀fun dídùn: kí ló kọlu àsẹ́ kíndìnrín?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, tí ìtọ̀ èèyàn bá dúdú bí tíì lẹ́yìn tí ọ̀nà ọ̀fun dùn ún, báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá àrùn IgA (èyí tí èròjà agbóguntàrùn tí wọ́n ń pè ní IgA ń há sínú àsẹ́ kíndìnrín) ni tàbí èyí tí kòkòrò streptococcus fà?

Èsì 1: Ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Ti IgA kì í pẹ́: láàárín ọjọ́ 1 sí 2 tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ni. Ti streptococcus máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 1 sí 3. Bó bá jẹ́ egbò ara ló fà á, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ C3, èròjà kan tó ń bá ara gbógun ti àrùn, wò nínú ẹ̀jẹ̀. Ti streptococcus máa ń fà á wálẹ̀, á sì sábà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ 8. Ti IgA kì í sábà dín in kù. Bí C3 bá ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn oṣù 3, ó yẹ kí wọ́n bu ẹran bíńtín lára kíndìnrín láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Èsì 2: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má gbàgbé ìtọ̀ fúnra rẹ̀. Kó dé yàrá àyẹ̀wò kí wákàtí 2 tó pé, torí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó lẹ̀ pọ̀ bí ọ̀pá tètè ń fọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń fi hàn pé inú àsẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, kì í ṣe àpòòtọ̀.

Èsì 3: Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń sẹ́ jáde) tó ń gòkè láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ìtọ̀ sì ń dín kù. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an! Ẹ jìnnà sí àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac, wọ́n ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ àsẹ́ kù. Tí dókítà bá kọ lisinopril, ìyẹn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n tún potassium àti creatinine yẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2.