Ẹ̀yin awakọ̀ òfuurufú tí iléeṣẹ́ yín dàpọ̀, báwo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lọ?

Àjàní Texas: Ẹ kú iṣẹ́ o. Látìgbà tí iléeṣẹ́ wa ti dàpọ̀ mọ́ òmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti yí ọjọ́ sìmúlétọ̀ mi (ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bí ọkọ̀ òfuurufú, tí a fi ń kọ́ṣẹ́) padà. Aago 2 òru ni wọ́n wá fún mi gbẹ̀yìn, lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yí tèmi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, Bọ̀dá Àjàní. Tèmi kì í ṣe ti aago, ọ̀rọ̀ ẹnu ló kó bá mi. Ọdún 11 ni mo fi lo ìlànà kan, ìyẹn gbólóhùn tí àwa awakọ̀ méjèèjì máa ń pe síra wa. Ẹ jí mi lóru, màá kà á fún yín. Wọ́n ní kí gbogbo wa máa lo ti iléeṣẹ́ ìkejì, torí ìwé àṣẹ kan ṣoṣo nìjọba máa fún iléeṣẹ́ tó ti dọ̀kan. Nínú sìmúlétọ̀, iná ẹ́ńjìnnì òsì pọ́n, agogo ń dún. Mo lanu, gbólóhùn àtijọ́ ló jáde. Ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi ń retí tuntun, kò fèsì. A kàn ń wojú ara wa. Kò tó ìṣẹ́jú kan, àmọ́ òógùn bò mí. Ọ̀sẹ̀ 6 ni mo fi dúró kí wọ́n tó ráyè fún mi láti tún un ṣe.

Bàbá Ìbàdàn: Ọ̀sẹ̀ 6! Ìgbéra 3 àti ìbalẹ̀ 3 tí òfin ní kí awakọ̀ ṣe láàárín 90 ọjọ́ kó tó lè máa gbé èrò lọ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ó ku ọjọ́ 4 péré, sà. Mi ò lè sùn.

Àtàǹdá: Wọ́n á ní ẹ̀rọ ò tó. Mi ò gbà. Olùkọ́ ni ò tó! Àwọn náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ ìlànà tuntun, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì wà ní kíláàsì, ta ló máa kọ́ wa?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ọ̀rọ̀ ta ló ṣáájú ta wọṣẹ́ ló le jù, òun ló ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ yan ọjọ́. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú US Airways àti America West dàpọ̀ lọ́dún 2005. Onílàjà to orúkọ àwọn awakọ̀ wọn, ta ló máa ṣáájú ta, lọ́dún 2007, apá kan kọ̀ ọ́. Títí wọ́n fi dàpọ̀ mọ́ American Airlines lọ́dún 2013, ìjà yẹn ò tíì parí.

Bàbá Ìbàdàn: Ẹni tó pẹ́ níṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ yàn.

Àtàǹdá: Kí ọmọdé máa gba aago 2 òru títí ayé? Rárá o, sà.

Àṣàkẹ́ Atlanta: Ẹni tó bá ní aago 2 òru, kó má jẹ ẹ̀bà o.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Àmàlà ni mo jẹ, mo sì yege.

Àṣàkẹ́ Atlanta: Orí yín ló gbè yín!

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá Àjàní, ìkómọ yẹn ńkọ́?

Àjàní Texas: Òtẹ́ẹ̀lì ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sétí ọmọ náà, mo pe orúkọ tèmi fún un.