Ẹ gbà mí o: mo fẹ́ fowó lé àwọn kan nínú lísìtì J láìfọwọ́ kan ìyókù

Ọmọ Aláṣọ Òkè
Àsàláámù àlékúm ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin níbí ni mo wà, ìyá mi ń ta aṣọ òkè, èmi ni mo ń bá wọn tọ́jú owó ọjà lórí kọ̀ǹpútà. Python ni èdè kọ̀ǹpútà tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ àmọ́ mo ti ń kọ́ èyí tó ń jẹ́ J báyìí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí ìlà kan péré ló sábà máa ń gbà. Òwú ti wọ́n sí i, ìyá mi wá ní kí n fi 1500 lé gbogbo ọjà tí owó ẹ̀ ò bá tó 20000, kí n má fọwọ́ kan ìyókù. Lísìtì ọ̀hún nìyí, gèlè ló ṣíwájú, ìpèlé ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà aṣọ ọkùnrin, fìlà, èyí tó gbẹ̀yìn ni gèlè àti fìlà tá a dì pọ̀:

owo =: 12000 19200 25000 9500 20000

Ká ní Python ni, màá kọ lúùpù, màá ki if bọ inú ẹ̀, ó parí. Mo mọ̀ pé J náà ní for àti if tiẹ̀, àmọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló ń sọ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe máa kọ ọ́?

Ẹ̀gbọ́n Tánkẹ̀
Wàálékúmù sàláámù àbúrò. Gbàgbé if yẹn jàre. Kọ́kọ́ tẹ èyí ná kó o wo ohun tó máa fún ẹ:

owo < 20000
1 1 0 1 0

Ṣó o rí i, nọ́mbà ló fi dá ẹ lóhùn, 1 fún èyí tí ò tó 20000, 0 fún èyí tó tó tàbí tó jù bẹ́ẹ̀. Tó bá sì ti jẹ́ nọ́mbà, o lè fi ṣe ìṣirò nìyẹn:

owo + 1500 * owo < 20000
13500 20700 25000 11000 20000

Ibi tí 1 wà, 1500 lọ́nà kan ni wọ́n fi lé e, ibi tí 0 wà, òfo ni wọ́n fi lé e, ìdí tí tibẹ̀ ò fi yí padà nìyẹn. O ò nílò àkámọ́ kankan torí láti ọwọ́ ọ̀tún ni J ti ń ṣe ìlà bọ̀ wá sí òsì, kò sí pé ìsọdipúpọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú ìròpọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé, 3*2+1 lọ́dọ̀ ẹ̀ 9 ni. Bí APL, èdè kọ̀ǹpútà tó ti wà ṣáájú J, náà ṣe ń kà á nìyẹn, Kenneth Iverson tó bẹ̀rẹ̀ APL lòun àti Roger Hui jọ ṣe J ní 1990, wọ́n fi àmì tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù gbogbo wa kọ ọ́ kéèyàn má bàa máa wá àwọn àmì APL kiri.

Ọmọ Ọ̀fà
Tẹ̀gbọ́n dáa gan-an, àmọ́ èyí lèmi fẹ́ràn torí ẹni tó bá kà á máa rí iṣẹ́ tá a fẹ́ ṣe lọ́tọ̀, á rí ìgbà tá a máa ṣe é lọ́tọ̀:

(1500&+)^:(<&20000)"0 owo

(1500&+) ni iṣẹ́ náà, (<&20000) ni ìgbà tá a máa ṣe é. Àbúrò jọ̀ọ́ má yọ "0 yẹn kúrò o, òun ló ń sọ pé kó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó ò bá fi síbẹ̀, J máa gbé gbogbo 1 àti 0 yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, á wá tẹ́ tábìlì ìlà márùn-ún fún ẹ, níbi tí ìlà kan ti jẹ́ gbogbo lísìtì tó ti gba 1500, òmíì á jẹ́ gbogbo lísìtì tí ò gba nǹkan kan.

Alfa Kóòdù
Tí ìyá bá yí ohùn padà lọ́la, tí wọ́n ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni kó o fi lé e, to owó àtijọ́ àti tuntun léra, kó o wá jẹ́ kí 1 àti 0 yẹn ṣà wọ́n:

(owo < 20000)} owo ,: owo * 1.1
13200 21120 25000 10450 20000

0 á mú ti òkè, 1 á mú ti ìsàlẹ̀. Kó o sì rántí pé owo fúnra ẹ̀ ò tíì yí padà nínú gbogbo ohun tá a kọ yìí, àfi tó o bá fi owo =: síwájú ìlà náà.

Oní-Dyalog
Àwa tá a wà lórí Dyalog APL, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn APL tí wọ́n ń lò, àti ẹ̀dà 16.0 tó jáde ní 2017 la ti ní @ fún irú èyí: 1500+@(20000∘>)owo

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba
Ẹ̀yin ọmọ mi ẹ kú làákàyè o. Mi ò mọ J yín, ọmọ mi ló fi hàn mí, àmọ́ mo mọ ọjà. Ìpèlé tó jẹ́ 19200 ti di 20700, gèlè àti fìlà tó jẹ́ 20000 sì dúró síbi tó wà. Ọjà tí ò wọ́n tó èkejì láàárọ̀ ló ti wá wọ́n jù ú lọ nírọ̀lẹ́ yìí. Oníbàárà tó ti ń bá wọn rà tẹ́lẹ̀ máa bi ìyá yẹn léèrè, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún un?

Ẹ̀gbọ́n Tánkẹ̀
Ìyá, ẹ ṣé gan-an, kò sẹ́ni tó rí i nínú wa. Àbúrò, jẹ́ kí àfikún náà máa dúró tó bá ti kan 20000:

owo >. 20000 <. owo + 1500
13500 20000 25000 11000 20000

Bọ̀ láti ọ̀tún: fi 1500 lé gbogbo wọn, <. á mú èyí tó kéré láàárín ìyẹn àti 20000, >. á wá mú èyí tó pọ̀ láàárín ohun tó kù àti owó àtijọ́, 25000 á sì padà sípò ẹ̀ fúnra ẹ̀. Kò tiẹ̀ sí pé à ń béèrè èyí tí ò tó 20000 mọ́.

Ọmọ Aláṣọ Òkè
Mo ti ka tuntun yẹn fún ìyá mi, wọ́n ní òun gan-an ni káwọn lò, wọ́n ní kí n kí Ìyá Ìbejì dáadáa. Ẹ̀gbọ́n, tó bá wá jẹ́ tábìlì ńkọ́, bíi kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ìsọ̀ kan?

Ẹ̀gbọ́n Tánkẹ̀
Ìlà kan náà ni, má yí nǹkan kan padà níbẹ̀. +, <. àti >. á kan gbogbo nọ́mbà inú ẹ̀, ì báà jẹ́ lísìtì, ì báà jẹ́ tábìlì.