Dátà ìtajà tí AI ṣe fún mi mọ́ jù, báwo ni mo ṣe máa fi dán áàpù wò?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ áàpù fún bàbá kan n'Ìbàdàn tí wọ́n ń ta mínírà ní kéréètì kéréètì fún àwọn onísọ́ọ̀bù. Áàpù náà á máa tọ́jú ọjà tó wọlé, èyí tó jáde, ẹni tó rà láwìn, àti kéréètì òfìfo tó ṣì wà lọ́wọ́ oníbàárà. Bàbá ní àwọn ò ní fún mi ní ìwé gbèsè àwọn láti fi dán an wò, mi ò sì lè bá wọn jiyàn.

Mo wá ní kí AI agent kan (AI tó ń dá iṣẹ́ ṣe fúnra ẹ̀) bá mi ṣe dátà ìtajà oṣù mẹ́fà. Ó kọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìlà, àmọ́ kò jọ ọjà rárá. Gbogbo èèyàn ló sanwó lọ́jọ́ tí wọ́n rajà. Bí wọ́n ṣe tà lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n tà lọ́jọ́ Ẹtì. Orúkọ bíi mélòó kan ló ń yí po, Adébáyọ̀, Chinedu, Fatima, Adébáyọ̀. Àròpọ̀ ìsàlẹ̀ rìsíìtì míì ò tiẹ̀ bá ti òkè mu. Áàpù mi ń yege gbogbo ìdánwò, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Kóòdù_Lálẹ́:
Bẹ Bàbá kí wọ́n fún ẹ níwèé yẹn, kó o pa orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ́, ó tán. Kó o tún fi òfin Benford yẹ ti AI wò: nínú dátà tòótọ́, iye owó tó bá fi 1 bẹ̀rẹ̀ máa ń tó ìdá 30 nínú 100, èyí tó fi 9 bẹ̀rẹ̀ kì í pé 5.

Ìyá_Àkáǹtì:
Kò tán o, àbúrò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe ìwé owó fún oníṣòwò ọtí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán sọ́fítíwíà wò. Obìnrin tó ń kó ọgọ́rin kéréètì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ l'Òkè-Àdó, pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ títí, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Bàbá ò ṣe àṣejù, òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 sì wà lẹ́yìn wọn. Ti Benford, ó dáa fún ìwé tí owó inú rẹ̀ ti kékeré dé ńlá. Kéréètì mínírà ní iye tí wọ́n ń tà á. Àìmọye ìlà ló máa fi nọ́ńbà kan náà bẹ̀rẹ̀, irọ́ kọ́ sì ni wọ́n.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá, má ní kí AI kọ ìlà dátà mọ́. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ló máa ń sá lọ bá, bí ìlà bá sì ti pọ̀, á gbàgbé oníbàárà tó ti dá sílẹ̀ lókè. Kóòdù Python (èdè kọ̀ǹpútà kan) ni kó kọ, èyí tó máa ṣe bí ẹni ń ná ọjà náà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí àwọn oníbàárà ti wà nílẹ̀ kí ìtajà àkọ́kọ́ tó wáyé, kí kálukú sì ní ìwà tirẹ̀. Ìyá Ìbejì ń sanwó lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ìgò rẹ̀ kì í pé. Alhaji ń gbé àwìn, ó ń san ín ní ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kò ní sọ èwo nínú gbèsè náà ló ń san. Ẹnìkan á rán ọmọ wá, owó á wọlé láti àkáǹtì tí orúkọ ẹ̀ ò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú ìwé. Ibẹ̀ yẹn ni áàpù ti ń kú!

Bí òde bá wà ní Sátidé, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì ni wọ́n ń kó ọjà. Tó bá di ọjọ́ Ajé wọ́n á dá èyí tí wọn ò ṣí padà, pẹ̀lú ìgò fífọ́ láàárín ẹ̀. Oṣù Kejìlá ò jọ oṣù kankan. Bí iye owó kéréètì bá wá lọ sókè láàárín oṣù, ẹni tó ti sanwó sílẹ̀ tí kò tíì gbé ọjà ńkọ́?

Orúkọ náà ńkọ́? Ìwé gbèsè tèmi ò mọ Adébáyọ̀ kankan. "Ìyá Bọ́sẹ̀ ilé aláwọ̀ ewé" la kọ síbẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀ míì sì wà lọ́nà kejì. Kọ Ṣadé, kó o tún kọ Sade, kó o wo ohun tí áàpù máa ṣe.

Fi seed, ìyẹn nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan tí kì í yí padà, sínú kóòdù yẹn kí dátà kan náà lè máa jáde nígbàkígbà. Lẹ́yìn náà, fọwọ́ ara rẹ bu ìdọ̀tí sí i, kó o sì kọ ibi tó o bù ú sí pa mọ́. Tó o bá fi rìsíìtì méje tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì sí i, méje ni áàpù gbọ́dọ̀ mú, kì í ṣe mẹ́fà. Kí AI agent kejì, tí kò rí kóòdù ti àkọ́kọ́, wá fi SQL (èdè tí wọ́n fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátà) yẹ̀ ẹ́ wò: ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ò gbọ́dọ̀ dín sí òdo, kéréètì tó jáde tí kò tíì padà gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ẹnìkan. Kéréètì ò ń bímọ.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Nọ́ńbà fóònù àti àkáǹtì ńkọ́? Mo fi àwòrán ojú áàpù náà síbí. 0803 ni AI ń kọ fún mi, áàpù sì máa ń fi SMS rán onígbèsè létí.

Ìyá_Àkáǹtì:
Pa SMS yẹn báyìí! Nọ́ńbà tí AI fọkàn ara ẹ̀ dá, ẹnìkan lè ní in ní Kánò, wọ́n á sọ fún un pé ó jẹ gbèsè ogójì kéréètì. Jẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa wọnú fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ.

Nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ mẹ́wàá, èyí tó kẹ́yìn sì ti inú ìṣirò kóòdù bánkì àti mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ wá. Tó o bá kàn ṣà á jọ, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló máa kùnà. Tó o bá sì ṣe é bó ṣe yẹ, ó lè jẹ́ ti ẹni ẹlẹ́ni. Fi kóòdù bánkì tí kò sí ṣe ìṣirò náà, kí áàpù gbà á nígbà ìdánwò nìkan. BVN tí mo rí nínú àwòrán tó o fi síbí, yọ ọ́. Kí ni oní-mínírà fẹ́ fi BVN ṣe?

Kóòdù_Lálẹ́:
Mà, mo gbà fún yín lórí Benford. Ti ìgò ni mi ò rò rí.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Mo ti pa SMS, mo ti yọ BVN. Mo ná ọjà títí dé Oṣù Kejìlá lálẹ́ àná. Alhaji gbé àwìn kọjá iye tí mo ní kó mọ, áàpù ò dá a dúró: ó ń ka owó tó jẹ, kò ka kéréètì òfìfo mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni mo wà báyìí.