Ẹ gbà mí o, èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?

Ẹ̀yin àgbà físíìsì, ẹ jọ̀ọ́, seminar mi dá lórí bí wọ́n ṣe ń fún plasma (gáàsì tó gbóná débi pé iná lè gba inú ẹ̀) tó ní agbára mágnẹ́ẹ̀tì nínú pọ̀ kó lè gbóná débi fusion (kí àwọn átọ́ọ̀mù kéékèèké para pọ̀, kí agbára jáde). Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi. MagLIF ti Sandia, ilé ìwádìí kan l'Amẹ́ríkà, ló wù mí, agolo bíńtín tí wọ́n fi irin beryllium ṣe, kò ju orí àtàǹpàkò lọ, wọ́n á fi lésà mú gáàsì deuterium (hydrogen tó wúwo) inú ẹ̀ gbóná, wọ́n á wá rán iná bíi 20 mílíọ̀nù amp gba ara agolo, ló bá wó sínú láàárín bíi 100 nanosecond (ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá), agolo ti run nìyẹn, ó di òmíì! General Fusion, ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà, ní tiẹ̀, irin lithium ni wọ́n fi ń fún plasma náà, mílísẹ́kọ́ǹdù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) ni tiwọn. Supervisor mi ní kí n ṣe simulation ọ̀kan nínú wọn (àfarawé lórí kọ̀ǹpútà), láptọ́ọ̀pù mi sì rèé, 8GB RAM. Èwo ló máa gbé?