Láti Bologna dé Florence, ọ̀nà wo ni kí n ní kí GPS mú wa gbà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Ítálì, mo sì fẹ́ yá mọ́tò tí n óò wà láti Milan dé Florence. Títí dé Bologna, kò sí wàhálà, ọ̀nà márosẹ̀ A1 ni. Láti ibẹ̀ lọ ni ọkàn mi ti pín sí méjì.

Tí mo bá ní kí GPS mú ọ̀nà tó yá jù, A1 náà ló ń fi hàn, ẹ̀ka tuntun tí wọ́n ṣí ní 2015, tó gba inú ihò abẹ́ òkè kọjá. Wọ́n ń gba owó géètì níbẹ̀. Tí mo bá ní kó yẹra fún owó géètì, SS65 ló ń darí mi sí, ọ̀nà àtijọ́ tó gun òkè Apennines. Àwòrán ibẹ̀ wù mí gan-an, ṣùgbọ́n kọ́nà rẹ̀ pọ̀, èébì sì máa ń gbé màmá mi nínú mọ́tò. Owó kọ́ ni mò ń rò, ara wọn ni.

Mo ti gba máàpù sórí fóònù, torí GPS ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ìròyìn sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò ní wọlé. Ní ti àwọn àdúgbò ZTL Florence, níbi tí kámẹ́rà ti ń mú ọkọ̀ tí kò ní àṣẹ, ẹ̀yìn ìlú ni n óò gbé mọ́tò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wakọ̀ níbẹ̀ rí, ṣé SS65 ṣeé gbé àgbàlagbà gbà, àbí A1 ni kí n ṣáà tẹ̀lé?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.