Lórí “ènìyàn atọwọ́dá” tí wọ́n dábàá

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kàbà. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe àwọn àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń dá, èyí tí ó ní ojú àti ohùn, tí ó sì ń bá ènìyàn tàkùrọ̀sọ bí ẹni tí ó jókòó síwájú ẹni, ní “ènìyàn atọwọ́dá”. Ọ̀pọ̀ ti yìn ín. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á, nítorí ọ̀rọ̀ méjì péré ni, àṣìṣe sì wà nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n mú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ná, ìyẹn “a” tí ó bẹ̀rẹ̀ “atọwọ́dá”. Ohùn àárín ni ẹ̀gbọ́n fi sí orí “a”, léraléra, nítorí náà kì í ṣe pé ọwọ́ wọn ṣì í. “A” olóhùn àárín ni a fi ń ṣẹ̀dá olùṣe: apẹja ni ó ń pa ẹja, akọ̀wé ni ó ń kọ ìwé. “À” olóhùn ìsàlẹ̀ ni ó ń fún wa ní ohun tí wọ́n ṣe: àkọsílẹ̀, àdàkọ, àtúnṣe. Bí a bá wá ní “ènìyàn atọwọ́dá”, ẹni tí ó jókòó kọ ètò kọ̀ǹpútà náà ni a dárúkọ, kì í ṣe àwòrán tí ó dá. Àwọn àgbà ní “àmútọ̀runwá”, ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, “àtọwọ́dá” sì ni ìkejì rẹ̀. Ní ti ẹni tí ó kọ̀wé pé kí àwa ará Okun, Yorùbá ti ìpínlẹ̀ Kogí, má ṣe kọ́ni ní ohùn nítorí pé ẹ̀ka èdè wa jìnnà sí ti Ọ̀yọ́, mo ti kọ́ ọmọ Yàgbà, ọmọ Ìjùmú àti ọmọ Bùnú ní àmì ohùn nínú kíláàsì kan náà, mo sì ṣe tán láti dá a lóhùn lọ́tọ̀ nígbàkigbà tí ó bá fẹ́.

“Ènìyàn” ni ó léwu jù. Ní 1966, Joseph Weizenbaum ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà gbé ELIZA jáde, ètò kan tí kò ní ojú, tí kò ní ohùn, tí ó kàn ń yí gbólóhùn ẹni padà di ìbéèrè. Akọ̀wé Weizenbaum, tí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jáde kúrò ní yàrá kí òun lè bá ELIZA sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Bí lẹ́tà orí ìwé lásán bá lè ṣe èyí, kí ni ojú tí ń rẹ́rìn-ín, tí ń ṣẹ́jú, kò ní ṣe? Ní oṣù kẹrin 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé S.A.R.A.H. jáde, obìnrin ojú ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Soul Machines ti New Zealand bá wọn ṣe, tí ó ń dáhùn ìbéèrè nípa ìlera ní èdè 8, tí Yorùbá kò sí lára wọn. Àjọ náà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ìdáhùn rẹ̀ lè má tọ̀nà nígbà mìíràn. Ìyá àgbà tí a bá sọ fún pé ènìyàn ni yóò gbà á gbọ́ bí ó ti ń gba nọ́ọ̀sì gbọ́.

Ẹlòmíràn ní kí a pè é ní “egúngún ẹ̀rọ”. Rárá o. Ará ọ̀run ni egúngún, ẹni tí ó ti gbé láàrin wa rí, tí a mọ ilé rẹ̀. Púpọ̀ nínú ojú wọ̀nyí kò tilẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kankan rí.

Àwọn bàbá wa ti fún wa ní ọ̀nà. Nígbà tí rédíò dé, wọn kò pè é ní ènìyàn, bí ó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n wo ohun tí ó ń ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ yọ “má” kúrò, kí a sì fi irú ohun tí ó jẹ́ síwájú: àwòrán asọ̀rọ̀gbèsì. Orúkọ yìí ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí “ènìyàn atọwọ́dá” pa pọ̀. Akàròyìn ojú ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ìròyìn Xinhua ti Ṣáínà gbé jáde ní oṣù kọkànlá 2018 kàn ń ka ohun tí wọ́n tẹ̀ fún un ni. Asọ̀rọ̀mágbèsì tí ó ní ojú ni. S.A.R.A.H. ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní “fèsì” ló yẹ, kì í ṣe “gbèsì”, nítorí pé ó ń dáhùn. Kí ó mú ẹ̀rí wá. Ní tèmi, n kò ní já okùn tí àwọn àgbà ta.

Ó ku “ẹ” àti “o”. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe àwòrán asọ̀rọ̀gbèsì tí yóò gbọ́ Yorùbá, “ẹ” ni kí ó máa lò fún gbogbo àgbàlagbà tí ó bá dúró síwájú rẹ̀, nítorí pé ọmọge ojú ẹ̀rọ tí ó bá bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún sọ̀rọ̀, tí ó ní “kí ni o fẹ́?”, ti bà á nínú jẹ́ kí ó tó dáhùn ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe kọ́ ọmọ wa láti kúnlẹ̀ fún un, ìbáà ṣe ojú ìyá àgbà ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. “Ó” ni a ó máa pè é, a kò ní pè é ní “wọ́n”.