Orúkọ àwọn oníbàárà mi 214 ò sí nínú Thunderbird mọ́ lẹ́yìn tí mo gbé Ubuntu lọ sí 24.04

ÌyáAláṣọ

Okun o, gbogbo ilé. Aṣọ òkè ni mo ń tà ní Kabba níbí, Ògìdì ni mo ti ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń hun ún. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń rà á ò sí ní Nàìjíríà, ímeèlì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Inú Thunderbird, app tí mo fi ń ka ímeèlì, ni mo kó gbogbo wọn sí, ènìyàn 214. Mo mọ iye wọn torí mo kà wọ́n nígbà Kérésìmesì tí mo fẹ́ kí wọn.

Kì í ṣe àdírẹ́sì nìkan ló wà níbẹ̀ o. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni mo ti kọ ìwà onítọ̀hún sí: “má fún un ní pupa”, “orí rẹ̀ tóbi, kí gèlè fẹ̀ dáadáa”, “ó máa ń ná ọjà títí ilẹ̀ á fi ṣú, gbówó lérí kó tó bẹ̀rẹ̀”. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé kankan.

Tòkunbọ̀ ni laptop mi. Fáírọ́ọ̀sì inú flash tí mo ń gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí àbúrò mi tó fi Ubuntu 22.04, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ṣé kí òun gbé mi lọ sí ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e, 24.04. Mo ní ó yá. Dátà fóònù ni mo fi ṣe é, láti aago mẹ́wàá alẹ́, ìgbà yẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já gaara ládùúgbò wa. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, bátìrì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo nǹkan wà ní ipò rẹ̀, àfi Thunderbird tó ń bi mí ní orúkọ bí ẹni tí ò rí mi rí. Mo tẹ ímeèlì àti password mi, àwọn lẹ́tà mi rọ́ wọlé padà. Àmọ́ ìwé orúkọ ṣófo.

Mo ti fọwọ́ kọ ẹni mẹ́ta padà láti inú lẹ́tà wọn. Ọwọ́ ń dùn mí. Ẹ gbà mí.

omo_lokoja

Pẹ̀lẹ́ o, Mummy. Ẹ wá software tó máa ń hú fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ jáde. Ó ti ṣiṣẹ́ fún mi rí lórí memory card.

Àgbà_Tẹ́mínà

Ẹ jọ̀ọ́, Mummy, ẹ má tíì fi nǹkan kan sórí laptop yẹn. Kò sẹ́ni tó pa nǹkan rẹ́. Ibi tí Thunderbird ń wò ló yí padà.

Ní 22.04, deb (oríṣi ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń di app) ni Thunderbird tí Ubuntu ń fún wa, inú fódà kan tó ń jẹ́ .thunderbird ní home yín ló ń kó ẹrù sí. Ní 24.04, wọ́n ti sọ ọ́ di snap (oríṣi mìíràn, tó ń jẹ́ kí app dá wà láyè tirẹ̀), snap/thunderbird/common/.thunderbird ló sì ń lò. Àwọn lẹ́tà yín padà torí orí sáfà, kọ̀ǹpútà àwọn tó ń gbé ímeèlì yín, ni wọ́n wà. Ìwé orúkọ ò sí lórí sáfà, inú laptop nìkan ló ń gbé.

Ẹ pa Thunderbird ná. Ẹ ṣí Files, kí ẹ tẹ Ctrl àti H pọ̀, àwọn fódà tó fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ orúkọ á yọjú. Ẹ wọ .thunderbird. Kí lẹ rí?

ÌyáAláṣọ

Ha! Ó wà níbẹ̀. Fódà méjì, orúkọ wọn dà bí ohun tí ewúrẹ́ tẹ̀: ọ̀kan parí sí .default, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan nínú rẹ̀. Ìkejì parí sí .default-release, ẹrù kún inú rẹ̀. Mo rí abook.sqlite, mo tún rí abook-1.sqlite, òun ló tóbi jù, àti history.sqlite.

omo_lokoja

Ó tán nìyẹn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé orí ti tuntun.

Àgbà_Tẹ́mínà

Rárá o, àbúrò. Ìwé orúkọ ni abook.sqlite. Tí ti àtijọ́ bá gorí ti tuntun, àwọn mẹ́ta tí Mummy jókòó tẹ̀ lè bá a lọ. abook-1 ńkọ́? Ìwé kejì tí Mummy fúnra wọn dá sílẹ̀ nìyẹn, inú prefs.js, fáìlì tí Thunderbird ń kọ ètò rẹ̀ sí, ni orúkọ rẹ̀ wà. Bí ẹ bá kàn ju fáìlì yẹn sínú fódà tuntun, Thunderbird ò ní mọ̀ pé ó wà.

Mummy, ẹ da abook.sqlite àti abook-1.sqlite kọ sínú Documents. Ẹ má fà á láti inú .thunderbird tààrà, torí wọn kì í jẹ́ kí snap wọ àwọn fódà tó fara pamọ́ bó ṣe wù ú. Ẹ wá ṣí Thunderbird, Tools, Import, ẹ mú address book, ẹ mú SQLite, kí ẹ nawọ́ sí fáìlì náà. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. history.sqlite lè dúró, àdírẹ́sì tó ń ṣà jọ fúnra rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá kọ̀wé séèyàn ni.

Tó bá ti wọlé, ẹ fi right-click tẹ orúkọ ìwé náà, ẹ mú Export, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ ní vCard. Fáìlì .vcf nìyẹn, fóònù yín pàápàá lè kà á.

ÌyáAláṣọ

abook.sqlite mú ẹni 6 wá, àwọn ará ilé. abook-1 mú 208. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn mẹ́ta tí mo fọwọ́ kọ ti di méjì méjì, mo pa àwọn tí ò ní àkọsílẹ̀ lábẹ́ rẹ́. .vcf ti wà lórí flash, flash ti wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ, kò tún bá mi dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé mọ́.

Àgbà, ẹ ṣeun gan-an ni. Omo_lokoja, ìwọ náà kú aájò.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ ṣí ni ìyá ìyàwó kan ní Houston. “Má fún un ní pupa” ṣì wà níbẹ̀ gbọn-in. Òun náà ló kọ̀wé lánàá pé pupa lòun fẹ́.